Ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran tí kò sì tẹ́: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ fi ẹran sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta

Kí ẹ tó yọ ẹran kúrò nínú ìkòkò, ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Omi ẹran ló ń fún ọbẹ̀ ní adùn tó ń pẹ́ lẹ́nu. Ọ̀rá rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ki. Ẹran fúnra rẹ̀ ni eyín ń rí jẹ láàárín òkèlè tó rọ̀. Ó tún ń gbé purotéènì, áyọ́ọ̀nù àti fítámì B12 wọ ara. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń fi ẹran yẹ́ àlejò sí, a ń pín in fún aládùúgbò nígbà Iléyá. Ẹni tó bá kàn yọ ẹran, tí kò fi nǹkan kan dípò àwọn iṣẹ́ yìí, kò ní pẹ́ padà sídìí pọ̀nmọ́. Kì í ṣe pé kò ní ìpinnu o, ọbẹ̀ rẹ̀ ló tẹ́.

Ẹ tún pinnu ibi tẹ́ ẹ máa dúró. Àwọn kan kì í jẹ ẹran àti ẹja, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ẹyin, wọ́n sì ń mu mílíìkì. Àwọn vegan kì í fẹnu kan ohunkóhun tó bá wá lára ẹranko, títí kan oyin. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ìlera, a ó dé ibẹ̀.

Adùn

Irú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, ní ọjà Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá. Bí wọ́n ṣe ń bo hóró irúgbá mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ló ń mú adùn yẹn jáde, adùn kan náà tí a ń wá nínú omi ẹran. Irú wooro dára fún ẹ̀fọ́, irú pẹtẹ fún ewédú àti gbẹ̀gìrì. Ẹ fi omi ṣàn án, kí yanrìn sọ̀kalẹ̀.

Olú gbígbẹ ló tẹ̀ lé irú. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú 20, ẹ má sì da omi náà nù, òun ni omi ẹran yín. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kẹ́ ẹ ti rà á. Ẹ má ṣe ka olú tẹ́ ẹ kò mọ̀ nínú igbó, torí àwọn kan wà tó ń pani.

Fún ẹ̀fọ́ rírò èèyàn 4: ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ tó kún abọ́ ńlá kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá já a tán, tàtàṣé 4, ata rodo 3, àlùbọ́sà ńlá 2, irú wooro ṣíbí ìjẹun 3, epo pupa ṣíbí ìjẹun 8. Ẹ bọ ẹ̀fọ́, kẹ́ ẹ fún omi rẹ̀ dáadáa. Ibí yìí ni ọbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣomi. Ẹ gbé epo kaná, ẹ da àlùbọ́sà sí i, lẹ́yìn náà irú, kó dín fún ìṣẹ́jú 2 kí ata tó wọlé. Ata gbọ́dọ̀ din títí epo á fi léfòó sójú rẹ̀. Ẹ da omi olú díẹ̀ sí i, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó da ẹ̀fọ́ sí i. Ìparí ni kẹ́ ẹ fi iyọ̀ sí i, torí irú mìíràn ti níyọ̀ láti ọjà. Ẹ ka ohun tó wà lára páálí Magi pẹ̀lú, torí adìyẹ tàbí edé wà nínú òmíràn.

Ohun tí eyín máa rí jẹ

Wàrà sóyà ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ẹ ṣa sóyà kílò 1, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù. Kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́, ẹ bẹ ọlọ́lọ̀ kó ṣan ẹ̀rọ rẹ̀, torí ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ata tán á sọ wàrà di pupa. Ẹ pò ó pọ̀ mọ́ omi bíi lítà 7, ẹ fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ.

Ẹ gbé omi rẹ̀ kaná, ẹ má kúrò nídìí rẹ̀. Yóò ru sókè lójijì, yóò sì jó nísàlẹ̀ bẹ́ ẹ kò bá rò ó. Tó bá ti hó, ẹ jẹ́ kó tún hó fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Èyí tí kò bá hó tó ló ń rùn bí ẹ̀wà tútù, òun náà ló sì ń da inú rú.

Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ máa da omi ògì kíkan sí i díẹ̀díẹ̀, tó bíi lítà 1. Ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan péré, jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Yóò dì, omi tó kù á sì mọ́ gaara. Bó bá ṣì funfun, ẹ fi omi kíkan kún un. Bẹ́ ẹ bá ń rò ó ṣáá, yóò rí wóróworo bí iyanrìn.

Ẹ dà á sínú aṣọ, ẹ dì í, ẹ gbé ọmọ ọlọ lé e lórí fún wákàtí kan. Ẹ gé e, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀ tẹ́ ẹ ti fi ata àti àlùbọ́sà sí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ dín in nínú òróró tó gbóná dáadáa. Bó bá ń fọ́ nínú òróró, ọ̀kan nínú méjì ni: omi rẹ̀ kò tíì gbẹ tó, tàbí òróró kò gbóná. Bó bá kan jù, omi ògì ló pọ̀. Ó dára nínú ata ọ̀fadà gan-an.

Ti ara

Láfún tí a fẹ́ràn jù ní Ẹ̀gbá, ẹ̀gẹ́ ni. Purotéènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé e wá. Àgbàlagbà tó wọn kílò 60 nílò bíi gíráàmù 48 lójúmọ́. Gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ní bíi 23, sóyà ní bíi 36. Nítorí náà, ẹ má fi ewédú nìkan jẹ láfún. Ẹ fi gbẹ̀gìrì lé e, kó sì pọ̀. Ẹ rẹ ẹ̀wà, ẹ da omi rẹ̀ nù kẹ́ ẹ tó sè é, inú ò ní wú tó bẹ́ẹ̀.

Áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran. Ọsàn tẹ́ ẹ bá jẹ lẹ́yìn oúnjẹ ń ràn án lọ́wọ́. Tíì ń dí i lọ́nà, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.

B12 ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má fojú kékeré wò. Àgbàlagbà nílò máíkírógíráàmù 2.4 lójúmọ́. Irú, olú àti ẹ̀fọ́ kò ṣeé gbójú lé fún un. Ẹni tó ń jẹ ẹyin tó sì ń mu mílíìkì déédéé lè rí i níbẹ̀. Vegan gbọ́dọ̀ lo oògùn rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ fún ọdún mélòó kan, ìdí nìyẹn tí àìtó rẹ̀ kì í fi tètè hàn. Bó bá hàn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa ta bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún wọn, àárẹ̀ á máa mú ni, iṣan ìmọ̀lára sì lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú àti ọmọdé gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Lóde

Ní búkà, bẹ́ ẹ bá ní «ẹ má fi ẹran sí i», wọ́n á kàn yọ ẹran kúrò lójú abọ́ ni. Ẹ bi olóúnjẹ báyìí: «Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi ẹran tàbí edé wà nínú ọbẹ̀ yìí?» Edé ń wọnú ewédú, ẹja ń wọnú mọ́ínmọ́ín. Àkàrà ló fọkàn balẹ̀ jù, bí wọn kò bá ti fi òróró rẹ̀ dín ẹja.

Lọ́dọ̀ àgbà, kí wọ́n tó bu oúnjẹ ni kẹ́ ẹ sọ ọ́. Ẹran tí wọ́n ti bù tán, tẹ́ ẹ wá dá padà, ìwọ̀sí ló máa jọ lójú wọn. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ ní: «Ẹ ṣeun mà, n kì í jẹ ẹran, èèwọ̀ mi ni. Ẹ bá mi fi gbẹ̀gìrì kún un.» A mọ èèwọ̀ nílẹ̀ wa, a kì í fi jà. Bẹ́ ẹ bá sì ń lọ síbi ìnáwó, ẹ dín wàrà sóyà dání kó pọ̀, torí ẹni tó jókòó tì yín á tọ́ ọ wò.