Ẹ má da ọbẹ̀ sórí ike: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú kíkó ìdọ̀tí ilé l'Ábẹ́òkúta

Àṣìṣe tó bí gbogbo ìyókù ni kí á da ohun tútù pọ̀ mọ́ gbígbẹ. Ọbẹ̀ tó kan, láfún àná àti èèpo iṣu á wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú páálí àti ìgò oníke. Kí ọjọ́ 2 tó pé, páálí ti rà, ìdin ti yọ, ẹni tó ń ra ike ò sì ní fọwọ́ kàn án. Ohun tí ì bá di owó ti di ẹrù ààtàn nìyẹn. Ike kan tó ní ìdérí fún ohun tútù, àpò ìrẹsì kan fún gbígbẹ, tí a gbé kọ́ síbi tí òjò ò dé: ó tó. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa da ti tútù jáde.

Àṣìṣe kejì ni pé a máa ń rò pé ike kan náà ni gbogbo ike. Ẹ yí ìdí ìgò omi tàbí ti mínírà wò, ẹ ó rí 1 nínú àmì onígun mẹ́ta. Irú ike mìíràn ni ìdérí rẹ̀: bí a bá rún méjèèjì sínú omi, ti ìgò á rì, ti ìdérí á léfòó. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ da omi inú ìgò nù, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kí ẹ kó ìdérí sọ́tọ̀. Ìgò tí wọ́n rọ òróró sí ń fẹ́ ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Omi híhó á ká a kò. Abọ́ funfun fúyẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ kì í sábà rí olùrà, bó bá sì wọ àárín ìgò, á já owó gbogbo àpò náà wálẹ̀.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ní àpò tirẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Ó lé ní 400 kó tó wọn kílò kan, nítorí náà ilé kan ṣoṣo á pẹ́ kó tó rí nǹkan tà. Agboolé tàbí ojúlé mélòó kan ni kó para pọ̀ kó o.

Àwọn tó ń ṣe ajílẹ̀ sábà máa ń kó kìkì èèpo tútù jọ, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa ráhùn pé ó ń rùn. Apẹ̀rẹ̀ ewé gbígbẹ 3 sí apẹ̀rẹ̀ èèpo 1 ni. Ẹ fún un lọ́wọ́: kó rin, kó má kán tótó. Ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Eegun, ẹran àti òróró ń pe eku, ẹ má fi sí i. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa kí ewúrẹ́ tó jẹ ẹ́.

Àwa tí a ń gbé lábẹ́ òkúta kò gbọ́dọ̀ ri ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ bí ará ilẹ̀ iyanrìn. Níbi púpọ̀, iyẹ̀pẹ̀ ò jìn kí ọkọ́ tó kan àpáta. Oje ìdọ̀tí ò rí ìsàlẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ àpáta ló máa bá já sí kànga aládùúgbò. Bátìrì àti oògùn tó ti kọjá àsìkò ló burú jù níbẹ̀.

Sísun ńkọ́? Páìpù oníke àti rọ́bà ara wáyà ń tú èéfín májèlé, agolo lọ́fínńdà sì lè bú gbàmù. Eérú igi dára fún ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá ti jóná sínú rẹ̀, ẹ má gbé e dé oko. Bákan náà, kẹ́ẹ̀gì tí aláró ti fi rọ sódà kì í ṣe ohun tí à ń pọn omi mímu sí, bó ti wù kí á fọ̀ ọ́ tó.

Ẹ bi ẹni tó ń fi ọmọlanke kó ìdọ̀tí níbi tó ń dà á sí kí ẹ tó sanwó.

Dída ìdọ̀tí sí gọ́tà nígbà tí òjò bá ṣú ló ń dùn mí jù. Kì í dé òkun: ó ń há sábẹ́ afárá ni, odò Sókorí á kún, omi á wọ ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2018, àgbàrá òjò gba ẹ̀mí nílùú yìí. Àwọn tó ń kó gọ́tà náà tún ń ṣàṣìṣe kan: wọ́n á kó ẹrẹ̀ sí etí gọ́tà, wọ́n á lọ. Òjò kan péré ló máa dá a padà. Ẹ rọ ọ́ sínú àpò ìrẹsì tí ẹ ti dá lu nídìí, kí omi jò tán, kí wọ́n sì gbé e kúrò lọ́jọ́ kan náà.