Ẹ yéé gégbó láti fi gbingbó, ẹ sì yéé ra akíka lọ́wọ́ ọdẹ

Mo ní nọ́sìrì kékeré kan níbí ní Òṣogbo, lọ́wọ́ Òkè-Báálẹ̀, igi ilẹ̀ wa nìkan ni mò ń hù níbẹ̀: ìrókò, arère, apá, afàrà, odán, àgbálùmọ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́tàlá báyìí. Láti bí ọdún mẹ́ta mẹ́rin sẹ́yìn làwọn èèyàn ti ń ya wá, wọ́n ti wo fídíò lórí fóònù, wọ́n ti gbọ́ pé ẹranko ń tán láyé, wọ́n fẹ́ ṣe nǹkan sí i. Ó dáa o, ẹ kú ìfẹ́. Àmọ́ owó tẹ́ ẹ ń dà sómi yẹn, mi ò lè máa wò ó kí n tún máa rẹ́rìn-ín mọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí inú mi fúyẹ́.

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ABD. Ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ìparun ńlá, èyí tó ń gbá ọ̀pọ̀ irú ẹranko àti ewéko lọ, ti ṣẹlẹ̀ láyé kí èèyàn tó dé, èyí tó kẹ́yìn ni ti òkúta ojú ọ̀run tó já lulẹ̀ ní bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Tòde òní tí wọ́n ń pè ní ìkẹfà, kò sí òkúta kankan, àwa náà ni. Ní 2019, àwọn onímọ̀ tó wà lábẹ́ IPBES, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa ẹranko àti ewéko, sọ pé irú ẹranko àti ewéko tó tó mílíọ̀nù kan ló wà nínú ewu àtiparun, wọ́n sì ní lórí ilẹ̀, ohun tó ń fà á jù ni bá a ṣe ń sọ igbó di oko àti ilé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó kan nọ́ńbà kìíní nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí.

1. Ẹ̀ ń gé igbó kẹ́ ẹ lè gbin igbó

Alhaji kan pè mí, èèyàn dáadáa ni, ó ní òun ní ilẹ̀ éékà mẹ́rin lójú ọ̀nà Ìlobùú, òun fẹ́ gbin igi ẹgbẹ̀rún méjì torí ẹyẹ àti ẹranko. Inú mi dùn, mo ti ń ṣírò owó lórí ọ̀kadà. Ìgbà tí mo débẹ̀, katapílà ti fọ ilẹ̀ náà mọ́ fínfín. Mo ní Alhaji, kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀? Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, igbó lásán ni.

Igbó lásán! Ìdí odán ńlá kan ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí oje ṣì ń jáde lára ẹ̀. Arère méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ti là wọ́n. Tí odán bá so, ẹyẹ gbogbo àdúgbò ló ń wá jẹ níbẹ̀, wọ́n á jẹun tán wọ́n á yàgbẹ́, èso igi míì á wà nínú ìgbẹ́ yẹn, á sì hù. Bí igbó ṣe ń gbin ara ẹ̀ nìyẹn, lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí katapílà, láìsí èmi gan-an. Wọ́n wá ní tíìkì làwọn fẹ́ gbìn sí i, kí gmelina wà létí ọgbà. Tíìkì, láti Íńdíà àti Burma ló ti wá. Gmelina náà, ará Éṣíà ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣòwò pákó, ẹ gbìn ín, mi ò bá yín jà, owó ń bẹ níbẹ̀. Àmọ́ oko lẹ dá yẹn, bí oko àgbàdo ṣe jẹ́ oko. Ẹ má sọ fún mi pé torí ẹyẹ ni.

Àwa ará Òṣogbo ló sì yẹ kó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìtàn ìlú wa, orí igi tí wọ́n gé ló ti bẹ̀rẹ̀: Láróòyè àti Tìmẹ́hìn dé etí odò, wọ́n gégi, igi wó sínú omi, ó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, ohùn kan sì ké jáde láti inú omi pé àwọn oṣó igbó ti fọ́ ìkòkò òun tán. A ṣì ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ wa. Ká gbé ayùn padà sílẹ̀ nìkan ló ń ṣòro.

Tí igbó bá ṣì kù lórí ilẹ̀ yín, bó wù kó rí jágajàga, ohun tó kéré jù lówó ni pé kẹ́ ẹ fi wáyà yí i ká, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí iná wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun, 75 hẹ́kítà péré ni, wọn ò dọdẹ níbẹ̀, wọn ò pẹja, wọn ò gégi, ọ̀bọ ṣì ń fò lórí igi láàárín ìlú. Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó ń jẹ́ Susanne Wenger, àtàwọn tó bá a ṣe é jà fún un kó tó dúró, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn ní 2005. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Alhaji. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n dúpẹ́, wọn ò ra ẹyọ igi kan lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi ló ń lé oníbàárà, ìyàwó mi ti sọ ọ́ tipẹ́.

2. Ẹ̀ ń gbin igi ní oṣù kìíní torí pé báńà àti fọ́tò ti ṣetán. Ẹ dúró de oṣù kẹfà, ẹ jọ̀ọ́.

3. Igi gọgọrọ tí wọ́n ń pè ní masquerade kì í ṣe igbó. Ó tán.

4. Ìrókò lórí ìlà

Èyí, èmi ni mo ṣe é, kẹ́ ẹ má bàa rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ gọ̀. Ní 2016, mo kó ìrókò 120 lọ sórí ilẹ̀ bàbá mi, mo ta okùn, mo gbìn wọ́n lórí ìlà gbọọrọ bí àwọn ọmọ ilé ìwé tó tò fún àdúrà àárọ̀. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn. Kò pẹ́ tí ewé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú kókó kókó bí oówo, ó ń bẹ́, ó ń jẹrà, orí igi ń kú. Kòkòrò kín-ń-kín kan ni, Phytolyma lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, ìrókò kékeré ló fẹ́ràn, ìgbà tí mo sì ti tò wọ́n sójú kan fún un, kò ní láti wá oúnjẹ kiri mọ́. Nínú igbó, ìrókò kan á wà níbí, òmíràn á wà lọ́hùn-ún, igi míì á bò ó, kòkòrò ò ní tètè rí i. Nínú 120 yẹn, mẹ́sàn-án ló kù. Ọkọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa fi í sáàárín àwọn igi míì.

Ẹ tún gbọ́: ìrókò ní akọ, ó ní abo. Tó bá jẹ́ akọ nìkan lẹ ní, ẹ ò ní rí èso láyé. Tí abo bá sì so, àdán ló ń jẹ èso yẹn lóru tó ń gbé kóró ẹ̀ lọ jìnnà. Nígbà kòrónà, àwọn kan lọ ń fi òkò àti iná lé àdán kúrò lórí igi, ẹni tó wá bá mi lóṣù kejì láti ra ìrókò wà nínú wọn. Mo tà á fún un. Mo fi owó lé e.

5. Ẹ̀ ń ra ẹranko lọ́wọ́ ọdẹ kẹ́ ẹ lè dá a sílẹ̀

Ẹ jókòó dáadáa o, torí èyí ló ń bí mi nínú jù.

Ẹ̀ ń wa mọ́tò lọ lójú ọ̀nà, ẹ rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi ìrù gbé akíka kọ́, ẹranko yẹn ti ká bí bọ́ọ̀lù, àánú ẹ̀ ṣe yín, ẹ páàkì, ẹ ná an, ẹ san án, ẹ ní ẹ ti gba ẹ̀mí là. Ẹ ò gba nǹkan kan là, ẹ ra ọjà ni. Ojú àánú lẹ fi wo akíka, ojú oníbàárà lọdẹ fi wò yín.

Mo mọ̀ ọ́n torí mo ti ṣe é. 2014 ni, mò ń bọ̀ láti Ìbàdàn, mo kọjá Gbọ̀ngán díẹ̀, mo rí i. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àtààbọ̀ ni mo rà á, owó nọ́lọ́ǹ tí mo fẹ́ fi gbin kóró lọ́sẹ̀ yẹn ni. Ọdẹ yẹn gbàdúrà fún mi. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo tún fún un ní nọ́ńbà mi, mo ní tó bá tún rí òmíràn kó má pa á o, kó pè mí kọ́kọ́.

Mo gbé e délé, mo fi í sínú ilé ewúrẹ́ tó ṣófo. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti gbọgbẹ́, mo ní kó sinmi kí n tó mú un lọ sígbó. Mo fún un ní búrẹ́dì. Mo fún un ní mílíìkì. Mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ fún un. Kò wò ó. Lọ́jọ́ kejì ni ẹnì kan tó mọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé akíka ò léyín rárá, èèrà àti ikán ni oúnjẹ ẹ̀, kò sóhun míì. Mo gbé àdá àti tọ́ọ̀ṣì, mo lọ ń gbẹ́ òkìtì ọ̀gán láago mọ́kànlá alẹ́, ikán bù mí jẹ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ajá gbogbo àdúgbò ń gbó mi, aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé ó béèrè bóyá oògùn owó ni mò ń wá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo bá a ní kíká, ó ti tutù.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ méjì, fóònù dún. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti bá yín rí i. Abo ni, ọmọ ẹ̀ wà lórí ìrù ẹ̀, ẹ máa fi nǹkan kún un o.”

Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn? Ó ti wọgbó lọ wá a, torí tèmi. Ọmọ kan ṣoṣo ni akíka máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, kò rí bí òkété. Owó mi yẹn, dípò ẹ̀mí kan tí mo ní mo gbà là, ẹ̀mí mẹ́ta ló fẹ́ gbé lọ. Mo pa fóònù, mo jókòó sórí àpò iyanrìn, mi ò lè sọ fún ìyàwó mi.

Ẹ má bá ọdẹ jà, ebi ń pa á, ó sì ti rí ẹni tó ń sanwó. Àwọn tó ń sanwó lókè òkun náà ń bẹ, wọ́n ní oògùn ni èépá ẹ̀. Gbogbo irú akíka mẹ́jọ tó wà láyé ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti fòfin de òwò wọn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nípàdé 2016, síbẹ̀ ní 2021, èépá akíka tó lé ní tọ́ọ̀nù 7 làwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Lẹ́kí ní Èkó. Ohun tí wọ́n fi ṣe èépá yẹn náà ni wọ́n fi ṣe èékánná yín. Ẹ jẹ èékánná yín tó bá jẹ́ oògùn.

Odídẹrẹ́ náà ńkọ́? Ìpàdé 2016 yẹn kan náà ni wọ́n ti fòfin de òwò ẹ̀. Ìwó tí wọ́n ń fi odídẹrẹ́ ki, ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ kẹ́yìn lórí igi níbẹ̀, kì í ṣe nínú kéèjì o, lórí igi? Ẹni tó bá ra ọ̀kan nínú kéèjì, àyè ti ṣí sílẹ̀ nínú kéèjì yẹn, wọ́n á mú òmíràn wá dí i.

Mo fẹ́ gbàgbé ti arábìnrin tó ra ahun mẹ́ta lọ́jà, tó gbàdúrà sí wọn lórí, tó wá dà wọ́n sódò Ọ̀ṣun. Ahun ilẹ̀! Ìjàpá gbọ́n nínú àlọ́ lóòótọ́, kò mọ̀wẹ̀. Wọ́n rì bí òkúta ọlọ, òun sì ń juwọ́ sí wọn.

Tẹ́ ẹ bá rí ẹranko lójú ọ̀nà, ẹ má páàkì. Mo mọ̀ pé ó dunni. Ẹ má páàkì.

Ìkẹfà, àbí ìkeje la wà, mi ò mọ̀ mọ́: ríra ọmọ ẹja dà sínú odò kí odò lè “padà sípò”. Àwọn ọmọ àrọ̀ tẹ́ ẹ ń rà yẹn, wọ́n ti fi irú kan gun òmíràn ní ibi tí wọ́n ti ń pa ẹyin wọn, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ń dà sáàárín àwọn onílé. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni wọ́n da ẹja Nile perch sínú Lake Victoria ní ìlà oòrùn Áfíríkà, ó jẹ ọ̀pọ̀ ẹja kéékèèké ibẹ̀ run, irú tí kò sí níbòmíì láyé. Ọ̀ṣun tiwa, omi tó ń wá láti apá Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti ń wa góòlù ti pọ́n bíi tíì onímílíìkì. Inú ìyẹn lẹ fẹ́ da ẹja sí?

Oògùn koríko. Ẹ fọ́n ọn sídìí igi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ẹ pa igi, ẹ pa oyin, ẹ wá pè mí pé igi tí mo tà ò dáa. Paraquat sì rèé, NAFDAC ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ẹnì kan ṣì gbé e wá bá mi pé kí n bá òun kà á.

Àwọn tó ní ẹranko tó lẹ́wà nìkan làwọn á dáàbò bò náà ń bẹ. Ọmọdé ni mí nígbà tí igún ń bà sórí páànù ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, a máa ń kà wọ́n ká tó lọ síléèwé. Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Ẹ lọ wo orí igún lórí àtẹ àwọn eléwé ọmọ. Láti 2015 ni wọ́n ti ka irú igún tó ń gbé àárín ìlú wa yìí mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n tán. Ní Íńdíà, oògùn ara ríro tí wọ́n ń fún màlúù, diclofenac, ló pa igún wọn: igún jẹ òkú màlúù, kídìnrín ẹ̀ bàjẹ́. Kí wọ́n tó fòfin dè é fún màlúù ní 2006, èyí tó ju 95 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ nínú àwọn irú kan, ajá ìgboro wá pọ̀ níbi òkú ẹran.

Ẹ tún máa ń sọ fún mi pé “wọ́n ṣì pọ̀ nínú igbó”. Ẹyẹlé igbó kan wà ní Amẹ́ríkà tó pọ̀ débi pé tí agbo ẹ̀ bá ń kọjá, ó ń bo oòrùn. Bílíọ̀nù ni wọ́n ń fi kà á. Ìbọn, ọjà àti igbó gígé ni. Èyí tó kẹ́yìn, Martha lorúkọ ẹ̀, ó kú nínú ọgbà ẹranko ní Cincinnati lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1914.

Apá ti hù ní nọ́sìrì báyìí, odán pọ̀, arère ò ju ogún lọ torí èso ẹ̀ kì í jáde lọ́dọọdún, kòkòrò sì ń bá wa dù ú. Ẹ wá láàárín ọ̀sẹ̀, aago mẹ́jọ sí mẹ́rin. Ẹ sọ ohun tó wà lórí ilẹ̀ yín fún mi kẹ́ ẹ tó sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Ẹni tó bá gbé ẹranko sínú búùtù wá, mi ò ní ṣí géètì, ilé ewúrẹ́ yẹn, mo ti fi kó ajílẹ̀ sí.