Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Pẹtáńkì: Ohun Tó Ń Gba Àmì Lọ́wọ́ Wa

Àmì 11 sí 11 la wà nídìí pẹtáńkì, eré tí a ti ń ju búùlù, bọ́ọ̀lù irin, kó lè sún mọ́ bọ́ọ̀lù igi kékeré kan: àwa mẹ́ta tí a ti Kétu wá àti àwọn mẹ́ta kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ Àjàṣẹ́, lórí pápá oníyẹ̀pẹ̀ kan ní Àjàṣẹ́ níbẹ̀, ìyẹn Porto-Novo ní Benin. Búùlù ti tán lọ́wọ́ gbogbo wa. Ọ̀kan nínú tiwa ló sún mọ́ kọṣọnẹ́, bọ́ọ̀lù igi kékeré yẹn, jù lọ. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Èyí tó ṣe ìkejì ni ojú kò lè dá mọ̀, bóyá tiwa ni àbí tiwọn. Ó di ọ̀rọ̀ tépù. Bó bá jẹ́ tiwa, àmì méjì ni, 13 pé, a ti jẹ. Mo ṣì ń wá tépù nínú àpò nígbà tí ẹnìkejì mi fò sókè pé "Ó ti parí!", ló bá bẹ̀rẹ̀, ó gbé búùlù tí à ń jiyàn lé lórí nílẹ̀. Olórí ikọ̀ kejì kò pariwo. Ó kàn nawọ́ sí adájọ́. Adájọ́ ní búùlù tí wọ́n bá gbé nílẹ̀ kí ikọ̀ méjèèjì tó fẹnu kò lórí àmì ti kú, kò sì sí ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni lè rò lórí rẹ̀. Àmì kan péré la gbà. Ní abala tó tẹ̀ lé e, wọ́n jẹ méjì. 13 sí 12. A wọkọ̀ padà sí Kétu, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Pọ̀bẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ohun tó ń lé wa wálé lọ́wọ́ òfo. Ọwọ́ wa kọ́. Ikọ̀ Benin dé àṣekágbá ìdíje àgbáyé ní Antananarivo lọ́dún 2016, Madagascar tó gbàlejò ló dá wọn dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Kòtònú ni àwọn orílẹ̀-èdè kó wá fún ìdíje àgbáyé. Ilé ni eré yìí wà. Ṣùgbọ́n ìwé òfin àjọ àgbáyé, FIPJP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Marseille lọ́dún 1958, òun ni adájọ́ ń lò ní Àjàṣẹ́ àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ bó ṣe ń lò ó ní Faransé, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì tíì fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ má gbé búùlù nílẹ̀ kí ẹ tó fẹnu kò. Mo mọ ibi tí àṣà yẹn ti wá. Lábẹ́ igi nílé, ẹnì kan á wò ó, á ní "tiyín ni", gbogbo wa á sì tẹ̀ ba lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí adájọ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bínú, ọwọ́ á sì gbé e dé ibi ìdíje. Ilé ni kí ẹ ti kọ́ ọwọ́ yín. Ẹnìkejì mi yẹn, ní báyìí, bí búùlù ìkẹyìn bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń kó ọwọ́ méjèèjì sí, bí ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀, títí wọ́n á fi sọ iye àmì jáde lẹ́nu.

Wíwọ̀n pàápàá ní ọ̀fìn tirẹ̀. Mo ń rí àwọn àgbà tó ń fẹsẹ̀ wọ̀n: gìgísẹ̀ mọ́ ọmọ ìka, gìgísẹ̀ mọ́ ọmọ ìka, títí dé ìdí kọṣọnẹ́. Òfin kọ̀ ọ́ pátápátá. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ní ohun ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ju búùlù kẹ́yìn, tàbí ọ̀kan nínú ikọ̀ rẹ̀, ló ni iṣẹ́ wíwọ̀n. Àwọn alátakò lè tún un wọ̀n, bí kò bá sì tíì yanjú, ẹ pe adájọ́. Bí ẹni tó ń wọ̀n bá fi tépù, ìka tàbí etí ṣòkòtò gbún kọṣọnẹ́ tàbí búùlù tí à ń jiyàn lé lórí, ikọ̀ rẹ̀ ti pàdánù àmì náà nìyẹn, kódà bó jẹ́ pé tirẹ̀ ló sún mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ jù ni kí ẹ rán, ẹ má rán ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù. Kó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè. Kó kúnlẹ̀ síbi tí òjìji rẹ̀ kò ti ní bo ohun tó ń wò. Kó na tépù tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó mú un wọ àárín, kó má sì jẹ́ kó tẹ̀ kọrọdọ. Mìlímítà kan ni à ń wá, mìlímítà kan náà sì lè sọnù sínú tépù tó dẹ̀.

Ẹsẹ̀ wá ńkọ́? Orúkọ eré náà gan-an, ẹsẹ̀ ni. Wọ́n ní ní ìlú La Ciotat, ní gúúsù Faransé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jules Lenoir. Làkúrègbé kò jẹ́ kó lè sáré díẹ̀ kó tó ju búùlù bí wọ́n ti ń ṣe láyé ìgbà náà. Wọ́n wá ké pápá kúrú, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ jù ú dúró sójú kan. Ní èdè àwọn ará ibẹ̀, ẹsẹ̀ tó fìdí múlẹ̀ ni orúkọ náà túmọ̀ sí.

Agbo tí a ń fà sílẹ̀ kì í kéré ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ, kì í sì í ju 50 lọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ láìtẹ ìlà, wọn kò sì gbọdọ̀ jáde tàbí kúrò nílẹ̀ pátápátá kí búùlù tó kanlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró ti ọ̀kan nínú àwọn atamátàsé wa ní Kétu, àwọn tó ń ta búùlù ọ̀tá, tí wọ́n ń fi tiwọn gbá a kúrò, bàtà rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́, mi ò wo ibi tí búùlù ń lọ. Bí apá rẹ̀ ti ń fì síwájú ni gìgísẹ̀ ọ̀tún ń gbéra; ìyẹn kò burú. Àmọ́ bí irin ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tó ṣì wà lófuurufú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rékọjá ìlà. Nínú búùlù mẹ́wàá, ó ṣe é nígbà méje. Mo bi í pé níbo lẹsẹ̀ ẹ wà. Ó ní, "Inú agbo ni, ẹ̀gbọ́n." Kò parọ́, kò mọ̀ ni. Ìgbà tí ọmọ kan fi fóònù ya á, tó rí bàtà ara rẹ̀ níta, ló tó gbà. Níbi ìdíje, káàdì ìyeyè ni yóò kọ́kọ́ rí, ìkìlọ̀ nìyẹn. Ti aláwọ̀ ọsàn ń gba búùlù lọ́wọ́ ẹni. Pupa ń lé ni jáde.

Ẹ má fi ìkánjú ju kọṣọnẹ́. Mítà 6 sí 10 ni òfin fún àgbàlagbà, ó sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ohun ìdènà tó bí ìdajì mítà ó kéré tán. Láyé àtijọ́ ẹni tó bá tàsé lè tún un jù. Ní báyìí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí tiyín bá kọjá ààlà, àwọn alátakò ni yóò fọwọ́ gbé e síbi tó wù wọ́n láàárín ohun tí òfin gbà. Ẹ ti fún wọn ní ọ̀bẹ, ẹ ti fún wọn ní iṣu. Mo mọ ikọ̀ kan tí gbogbo wọn ń fi búùlù sún mọ́ kọṣọnẹ́ dáadáa ní mítà 7, síbẹ̀ tí wọ́n ń jù ú lọ sí mítà 10 nígbà gbogbo torí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà jíjìn tí òǹwòran ń pàtẹ́wọ́ sí.

Ohun tó ń dùn mí jù lọ ni àṣejù títa. Atamátàsé, orúkọ náà dùn, gbogbo ọ̀dọ́ ló fẹ́ jẹ́ ẹ. Bí búùlù bá gbá búùlù, tó fò, tí tirẹ̀ dúró gbagidi síbi tí ti ọ̀tá wà, gbogbo agbo á hó "Kàró!" Èmi náà fẹ́ràn ìró yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò. Nínú ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta, búùlù méjì-méjì ló wà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà lápapọ̀. Ikọ̀ tí kò sún mọ́ kọṣọnẹ́ ni yóò máa jù títí yóò fi gba ipò náà. Bí ẹ bá ta tí ẹ tàsé nígbà mẹ́ta lórí búùlù kan tó jìnnà sí kọṣọnẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 40, ìdajì ohun ìjà yín ti lọ láìgba nǹkan kan, mẹ́rin tàbí márùn-ún sì wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n á wá fi rọra kó àmì jọ. Sẹ̀ǹtímítà 40 kì í ṣe ohun tó yẹ ká ta. Ẹ ju tiyín sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó lẹ̀ mọ́ kọṣọnẹ́ ni ká ta.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ agbo, kí olórí ikọ̀ ka búùlù sókè: mélòó ló kù lọ́wọ́ wa, mélòó lọ́wọ́ wọn. Kíkà yìí kan náà ló ń jẹ́ ká rí ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Bí kọṣọnẹ́ bá jáde kúrò ní pápá, tó jẹ́ pé ikọ̀ kan ṣoṣo ni búùlù kù sí lọ́wọ́, iye búùlù yẹn ni iye àmì tí wọ́n jẹ. Bó bá kù sí ọwọ́ àwọn méjèèjì, tàbí kò kù sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, abala náà di òfo. Ẹ wò ó: wọn kò ní nǹkan kan mọ́, mẹ́ta wà lọ́wọ́ yín, tiwọn sì yí kọṣọnẹ́ ká. Ẹ fi ọ̀kan ta kọṣọnẹ́ jáde, àmì méjì ti wọlé. Mo ti rí ikọ̀ kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ tí èyí ṣẹlẹ̀ sí láìmọ̀, tí wọ́n ní ká tún abala bẹ̀rẹ̀, tí àwọn alátakò wọn sì yára gbà.

Ní ti irin fúnra rẹ̀, búùlù tí òfin gbà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7.05 sí 8, ó sì wọn gíráàmù 650 sí 800. Orúkọ tàbí àmì ẹni tó ṣe é àti ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Olowó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà fún ọmọdé kò wúlò níbi ìdíje. Ẹ má rò pé èyí tó wúwo jù ló lágbára jù. Ẹni tó ń ta sábà máa ń fẹ́ èyí tó fẹ̀ tó sì fúyẹ́ díẹ̀, ẹni tó ń sún mọ́ kọṣọnẹ́ a sì fẹ́ èyí tó kéré tó wúwo. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Wọ́n máa ń sọ pé bí iná bá kàn án, yóò rọ̀, kò ní máa ta padà. Òótọ́ ni pé ó ń rọ̀, ìdí nìyẹn tí òfin fi kà á sí màgòmágó, ìyà rẹ̀ sì lè lé èèyàn kúrò nínú eré fún ọdún púpọ̀.

Ilẹ̀ pupa tiwa yìí, bí ọyẹ́ bá ti gbẹ ẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ á yọrí. Ẹ má ṣà á. Ẹ má fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Ihò kan ṣoṣo tí búùlù tí wọ́n ti jù gbẹ́ ni ẹni tó fẹ́ jù lè dí. Bí òjò bá rọ̀ tí ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ búùlù, ẹ nù ún, àmọ́ ẹ má fi omi rin ín.

Àwa Yorùbá, bí ẹni wa bá wọ agbo, oríkì á ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dára ni, kò sì yẹ kó parẹ́. Ẹ jẹ́ kó dìgbà tí búùlù bá dúró. Nígbà tí ẹnì kan bá wà nínú agbo, òfin ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, kí àwọn alátakò má rìn, kí wọ́n má mi apá. Ìṣẹ́jú kan péré ló ní láti jù ú, ẹ má fi ariwo jẹ ẹ́ tán.

Sálúbàtà kò wọ pápá. Bàtà tó bo ọmọ ìka àti gìgísẹ̀ ni. Sìgá kò sí, fóònù kò sí. Ẹ mú káàdì ọmọ ẹgbẹ́ yín dání. Ẹ̀yin tó ń ti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́, ẹ sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú bí àǹfààní bá wà, tàbí kí ẹ gbéra kí àkùkọ tó kọ. Bí wọ́n bá pe orúkọ ikọ̀ yín tí ẹ ṣì wà lójú ọ̀nà Sakẹ́tẹ́, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àmì fún àwọn tó ń dúró dè yín.