₦8,000 tí mo sọ sómi ní Tarkwa Bay

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ń dùn mí gan-an: ₦8,000. Owó tá a ti san láàárọ̀ la tún san nírọ̀lẹ́, torí mo gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ ní jẹ́tì.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ lọ. Ó pẹ́ táwọn ará Èkó ti ń fi Tarkwa Bay, etíkun wọn kan, yangàn sí wa létí, pé kò sí mọ́tò níbẹ̀, pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbéèyàn débẹ̀. A wọ rélùwéè ní Laderin l'Abẹ́òkúta, a sọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, a dé jẹ́tì CMS, ìyẹn ò le.

Ọlọ́kọ̀ ní ₦6,000 lórí ẹnì kan. "Mọ̀mí, àlọ-àbọ̀ ni o, ẹ fọkàn balẹ̀." A sanwó, a wọ life jacket tó ń rùn bí ẹja, a jókòó wákàtí kan gbáko kí ọkọ̀ tó kún.

Ibẹ̀ dáa ṣá, mi ò ní purọ́. Òkúta tí wọ́n tò síbi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó ló ń gba ìgbì dúró, omi wá rọ̀ débi pé ẹ̀gbọ́n mi tí kì í sún mọ́ Odò Ògùn wọ̀ ọ́ dé orúnkún. Ọ̀fàdà tí mo dì sínú kúlà láti ilé la jẹ, a ò ra oúnjẹ kankan, ọpọlọ mi pé níbẹ̀ yẹn.

Aago mẹ́ta lu, ọlọ́kọ̀ wa ò yọjú. Mo pè é, ó ní, "Brọ̀dá, mo ti wà lójú omi." Aago mẹ́rin, ó lóun ti ń rí wa lọ́ọ̀ọ́kán, ni mo bá dìde, mò ń juwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá bíi wèrè. Aago márùn-ún, fóònù ẹ̀ kú. Ọmọkùnrin ọlọ́kọ̀ kan ní òun ò mọ̀ ọ́n, kí n mú rìsíìtì wá. Rìsíìtì wo? Ó ní ₦4,000 lórí ẹnì kan, àbọ̀ nìkan o. Ẹ̀gbọ́n mi fa ìbínú yọ, "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí ni?" Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn, àmọ́ kò dín kọ́bọ̀.

Omi ta sí àdìrẹ tuntun tí mo rà ní Ìtòkú, aró yọ sí mi lápá, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń fi kànìnkànìn ha á. Rélùwéè ìrọ̀lẹ́ ti lọ, Òṣòdì la ti wọ bọ́ọ̀sì, òru la padà dé Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta.

Ká ní mo mọ̀ ni, ìdajì owó ni mi ò bá kọ́kọ́ san, kí n sì ya fọ́tò nọ́ńbà ara ọkọ̀ yẹn kó tó yíjú. Mo ti ń sọ pé a máa padà lọ, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dárúkọ òun sí i.