Bí a ṣe dín ọjọ́ iṣẹ́ kù láìlé ẹnikẹ́ni lọ

Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, ọjà búrẹ́dì wa n'Íbàdàn dẹnu kọlẹ̀. Owó oṣù òṣìṣẹ́ mẹ́fà di wàhálà. Mo dín búrẹ́dì kù. Àwọn oníbàárà ní ṣé bisikíìtì ni. Mo yáwó elé. Ó tún dá kún un.

Ohun tó ṣiṣẹ́ rèé: mo ṣí ìwé ọjà síwájú gbogbo wọn. Àwọn mẹ́ta ń wá ní Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú, mẹ́ta yòókù ní Ọjọ́bọ̀ sí Àbámẹ́ta, owó di ìdajì. Màmá tó ń po ìyẹ̀fun kọ̀ jálẹ̀, àfìgbà tó rí i pé mo gé tèmi náà sí ìdajì. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé oṣù mẹ́ta péré ni, a sì fọwọ́ sí i. Owó ọkọ̀ tí wọn ò san mọ́ lọ́jọ́ tí wọn ò wá náà ràn wọ́n lọ́wọ́.

Nígbà tó di oṣù kẹrin tí a ti bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà. Bóyá kò ní bá iléeṣẹ́ ńlá mu o, tiwa kéré.