Bí ẹ bá ń ti Kwárà lọ ṣiṣẹ́ ní Gánà: àwọn tí òfin yọ̀ǹda fún láìgba pámíìtì

Láti Ọ̀fà títí dé Ọmù-Àrán, ṣàṣà ni agbolé tí kò ní ẹni tó ti gbé Gánà rí. Bàbá àgbà kan ta aṣọ ní Kumasi, ìyá kan ta àwo ní Tamale. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n bí sí Accra, tó jẹ́ pé ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, ní kí àjèjì tí kò níwèé fi ìlú sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kan ilé bàbá wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Gánà kì í fi í ṣe àjèjì létí wa. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń múra àtilọ lónìí ló gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé Gánà ò ní wàhálà: wọkọ̀, débẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ṣe é lóòótọ́. Àmọ́ òfin tó wà nílẹ̀ báyìí yàtọ̀, ó sì ń dùn mí gan-an bí mo ṣe ń rí àwọn ọmọ wa tó kó gbogbo owó ọwọ́ wọn sórí owó ọkọ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n débẹ̀ tán ni wọ́n tó ń mọ̀ pé àlejò gbọ́dọ̀ ní pámíìtì, ìyẹn ìwé àṣẹ iṣẹ́, kó tó lè ṣiṣẹ́.

Àdéhùn ECOWAS ló da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí i ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́ níbẹ̀, bó bá ṣáà ti ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wíwọlé nìyẹn. Ó di 1986 kí wọ́n tó ṣe àdéhùn lórí gbígbé ìlú onílùú láti wá iṣẹ́, ó sì di 1990 kí wọ́n tó ṣe ti ẹni tó fẹ́ dá okòwò sílẹ̀. Àdéhùn 1986 yẹn fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tó fẹ́ jókòó ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìgbélùú, ó sì yọ iṣẹ́ ọba kúrò nínú ohun tí àlejò lè ṣe. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ní “ECOWAS ni gbogbo wa, a ò nílò nǹkan kan,” wíwọlé ló ń sọ, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ̀yin tó sì ń wo Niger, Mali tàbí Burkina Faso, ẹ rántí pé àwọn mẹ́ta yẹn ti fi ECOWAS sílẹ̀ láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025. Ẹ má fi ti Gánà wọn tiwọn.

Òfin ìmigiréṣọ̀n tí Gánà ṣe lọ́dún 2000 kò fi igbá kan bọ̀kan nínú: ẹni tí kì í ṣe ọmọ Gánà kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni láìní pámíìtì, ọ̀gá tó bá sì gbà á síṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti rú òfin pẹ̀lú. Tíṣà ni o, kúùkù ni o, dírẹ́bà ni o, ẹni tó ń bá èèyàn ta fóònù ní Circle, ní Accra, ni o, bákan náà ni. Ohun tí àwọn ará ilé kì í sábà mọ̀ ni pé ọ̀gá tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ ló ń kọ̀wé béèrè fún pámíìtì yìí, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Bí ẹnì kan ní Ìlọrin bá wá ní òun á bá yín ra pámíìtì Gánà kí ẹ tó kúrò nílé, láìsí ọ̀gá, láìsí iléeṣẹ́, ẹ di owó yín mú. Kí ẹ tó dì ẹrù, ẹ bi ẹni tó ń pè yín wá ṣiṣẹ́ pé: “Ta ló máa bá mi gba pámíìtì, ìgbà wo ló sì máa jáde?” Bó bá ní kí ẹ ṣáà máa bọ̀ ná, iṣẹ́ yẹn kò tíì dájú.

Ẹni tó bá gba ojú títì lọ á kọjá Sẹ̀mẹ̀, á gba Kútọnu àti Lomé kó tó dé Aflao, níbi tí ilẹ̀ Gánà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti lajú. Òṣìṣẹ́ ìmigiréṣọ̀n á ṣí pásípọ́ọ̀tù yín, á tẹ òǹtẹ̀ sójú ewé kan, á wá fi bírò kọ iye ọjọ́ tó fún yín sí i. Kò sí ohun tó ṣe pàtàkì tó nọ́ńbà kékeré yẹn nínú gbogbo ìrìn àjò náà. Ó lè jẹ́ 60, ó lè jẹ́ 30. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ 90. Ẹ kà á kí ẹ tó kúrò lójú fèrèsé, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Àwọn dírẹ́bà kan máa ń gbowó lọ́wọ́ èrò pé àwọn á bá wọn yanjú ẹ̀, wọ́n á sì gbé wọn gba ẹ̀bùrú kọjá. Ẹ má gbà fún wọn rárá. Ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ kò ní ẹ̀rí ọjọ́ tó wọlé, kò sì sí orí ohun tó máa dúró lé tọrọ àfikún ọjọ́ tàbí ìwé mìíràn lẹ́yìn náà.

Ó wá ku àwọn tí kò nílò pámíìtì ní tòótọ́. Wọ́n wà, mo sì gbà pé wọ́n pọ̀ láàárín wa ní gúúsù Kwárà ju bí àwọn fúnra wọn ṣe rò lọ.

Ọmọ Gánà ni àkọ́kọ́, òfin sì lè ka ẹni tí kò dé Gánà rí mọ́ ọmọ Gánà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Gánà ti 1992, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 1993, sọ pé ẹni tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ì báà jẹ́ ní Gánà tàbí níbòmíràn, ọmọ Gánà ni bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí òbí rẹ̀, bá jẹ́ ọmọ Gánà tàbí tó ti jẹ́ ọmọ Gánà rí. Ẹ tún un kà. Ká ní wọ́n bí ọmọbìnrin kan sí Ìgbàjà ní 1999, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbàjà, tí ìyá rẹ̀ náà sì dàgbà síbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ obìnrin Asante, ọmọ Gánà pọ́nńbélé, tí bàbá àgbà fẹ́ ní Kumasi tó sì mú wálé. Ọmọ Gánà ni òfin ka ọmọbìnrin yẹn sí láti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Kò nílò pámíìtì láti ṣiṣẹ́ ní Accra, bí ọmọ Accra kò ṣe nílò rẹ̀.

Ẹ̀rí ló kù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Ìwé ni kó so ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ìwé ìbí ọmọ tí orúkọ ìyá wà lórí rẹ̀, ìwé ìbí ìyá tí orúkọ ìyá àgbà wà lórí rẹ̀, àti ìwé tó fi hàn pé ọmọ Gánà ni ìyá àgbà náà, bíi pásípọ́ọ̀tù Gánà àtijọ́ tàbí ìwé ìbí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni kò ní ìwé ìbí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá àwọn ẹbí rẹ̀ tó ṣẹ́kù ní Gánà, kí ẹ sì ṣe é nísinsìnyí tí ìyá ṣì lè sọ orúkọ abúlé rẹ̀ àti orúkọ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ tú àpótí wọn wò. Mo bẹ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da ìwé àtijọ́ nù nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ yàrá olóògbé mọ́. Ẹ̀rù kò sì gbọ́dọ̀ bà yín pé ẹ máa pàdánù ti Nàìjíríà: Gánà fàyè gba ọmọ onílùú méjì, òfin Nàìjíríà náà kò sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ìbí.

Àwọn tí wọ́n bí ṣáájú 1993 kò lè fi ìlà yẹn nìkan ṣe é. Òfin tó wà lóde lọ́dún tí wọ́n bí kálukú ni wọ́n máa wò. Bákan náà, bíbí tí wọ́n bí èèyàn sí Gánà kò tó. Ẹni tí wọ́n bí sí Accra, àmọ́ tó jẹ́ pé ọmọ Ọ̀fà ni bàbá, ìyá àti àwọn òbí àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láìsí ẹyọ kan nínú wọn tó di ọmọ Gánà rí, ọmọ Nàìjíríà ni, pámíìtì sì kàn án.

Ìsọ̀rí kejì ni ẹni tí Gánà fún ní ìwé ìgbélùú aláìlópin. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè gba iṣẹ́ tàbí kó dá ṣe tirẹ̀ láìgba pámíìtì. Ọkọ tàbí aya ọmọ Gánà wà lára àwọn tó lè tọrọ rẹ̀, àwọn tó ti gbé ibẹ̀ pẹ́ lọ́nà tó bófin mu náà wà níbẹ̀. Ẹ fiyè sí i pé ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìwé náà. Ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀ kí wọ́n sì fún yín.

“Tí mi ò bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ńkọ́, tí mo dá ta ọjà tèmi?” Ìbéèrè tí àwọn oníṣòwò Ọ̀fà máa ń bi wá nìyí, ibẹ̀ sì ni wàhálà pọ̀ sí jù. Òfin ìdókòwò tí Gánà ṣe ní 2013 fi àwọn iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan: títa ọjà nínú ọjà, ìkiri, títa nǹkan sórí ìsọ̀, ìsọ̀ onídìrí àti ti agẹrun, iléeṣẹ́ takisí tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tó 25, omi inú ọ̀rá, àti títa oògùn òyìnbó ní ẹyọ-ẹyọ. Òfin kan náà ní kí àjèjì tó fẹ́ ṣe òwò rírà-àti-títà mú ó kéré tán mílíọ̀nù kan dọ́là wá, kó sì gba ọmọ Gánà 20 tó mọṣẹ́ síṣẹ́. Ta ni nínú wa tó ní iye yẹn? Ní 2019 àti 2020, àwọn oníṣòwò Gánà fi òfin yìí ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Accra. Ó bí wa nínú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ti pẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ń san owó orí. Síbẹ̀, ohun tí òfin 2013 yẹn sọ nìyẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ yá owó ní ẹgbẹ́ kó fi lọ gba ṣọ́ọ̀bù ní Circle gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kó tó yá a.

Ààyè tí òfin 2013 yẹn fi sílẹ̀ ni pé iye owó tó dá yìí kò kan iléeṣẹ́ tó jẹ́ kìkì kíkó ọjà jáde kúrò ní Gánà tàbí ṣíṣe ọjà jáde ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń rajà níbẹ̀ láti kó wá sí Ìlọrin, ẹ lọ sí iléeṣẹ́ ìdókòwò Gánà, GIPC, ní Accra, kí ẹ béèrè bí òfin ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe là á.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín. Ọ̀nà tí kò gba físà yìí náà ni àwọn tó ń kó ọmọ ṣòwò ń gbà. Wọ́n á ní iṣẹ́ sélúgẹ́ẹ̀lì ń dúró de ọmọbìnrin yín, àwọn ló máa san owó ọkọ̀, kó wá máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ó kó pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lé àwọn lọ́wọ́, ẹ fi ẹjọ́ wọn sun NAPTIP, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò. Àwọn mìíràn ń pe àwọn ọmọkùnrin wá síṣẹ́ tó jẹ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ san owó ìwọlé, kí wọ́n tún wá pe ọ̀rẹ́ wọn. Ọ̀gá gidi kì í gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kó tó gbà á.

Ní ti ẹ̀yin tó ti wà ní Gánà tí ọjọ́ inú òǹtẹ̀ yín kò tíì pé, ẹ lọ tọrọ àfikún ní ọ́fíìsì ìmigiréṣọ̀n kí ó tó pé. Ẹ̀yin tó ti kọjá ọjọ́, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ, kí ẹ san owó ìtanràn, kí wọ́n sì tún ìwé yín ṣe. Ó sàn ju kí wọ́n mú yín níbi iṣẹ́. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù àti ẹ̀dà ojú ewé tí òǹtẹ̀ wà dání, pẹ̀lú ìwé tí ọ̀gá yín kọ bó bá ti ń bá yín tọrọ pámíìtì. Tí ẹ kò bá mọ ọ́fíìsì tó yẹ, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà Yorùbá ní zongo, ìyẹn àdúgbò àwọn àlejò, ní Accra tàbí Kumasi. Wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ ọmọ wa débẹ̀ ṣáájú yín.