Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Bí Lúkúlúkú Ṣe Ń Yára Ràn Láàrin Adìẹ Yín

Fún àwọn tó ń sin adìẹ ìbílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀

Bí ọyẹ́ bá ti dé, kí á máa retí lúkúlúkú, àrùn adìẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle. Adìẹ á rẹ ìyẹ́ sílẹ̀, á máa yàgbẹ́ olómi aláwọ̀ ewé, ọrùn àwọn mìíràn á lọ́. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Agbègbè Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láàrin 1952 sí 1953, kò sì tíì sí oògùn tó ń wò ó.

Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni èyí: adìẹ kan tó ń ṣàìsàn, mélòó ló ń kó o ràn? Bó bá ju 1 lọ, ó ń gbilẹ̀. Bí kò bá tó 1, ó ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Láràárọ̀, kí ẹ tó ṣí àgò, ẹ ka adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàìsàn, kí ẹ fi èédú fa ilà sára ògiri. Ẹ so òwú pupa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí ẹ má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ka òkú o. Àwọn kan ń ṣàìsàn tí wọn kì í kú. Ọjọ́ 5-5 ni kí ẹ pín in sí, torí ó sábà máa ń tó ọjọ́ 5 tàbí 6 kí àrùn tó hàn lára adìẹ tó kó o. Ẹ má fi ọjà ọlọ́rún-ọrún kà á: ọjọ́ 4 péré nìyẹn.

Ká ní adìẹ 40 wà nílé. Ọjọ́ 5 àkọ́kọ́, 2 ṣàìsàn. Ìkejì, tuntun 6. Ìkẹta, tuntun 15. Ẹ fi 2 pín 6, ó di 3. Ẹ fi 6 pín 15, ó di 2.5. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé àrùn ti ń rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀ rárá, adìẹ tí yóò mú ló ń tán lọ. Nígbà ìkejì, 38 nínú 40 ló ṣì le, ìyẹn 0.95, nígbà ìkẹta, 32, ìyẹn 0.8. Ẹ fi 0.95 pín 3, ẹ ó rí 3.2. Ẹ fi 0.8 pín 2.5, ẹ ó rí 3.1. Ọwọ́ kan náà ló fi ń jà. Ẹ má sì gbọ́kàn lé èsì àkọ́kọ́ jù: ká ní 3 ló kọ́kọ́ ṣàìsàn dípò 2, 6 yẹn ì bá fi ìlọ́po 2 péré hàn.

Èyí tó ń ba ìṣirò jẹ́ jù ni títà. Adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, wọ́n dì í sínú agbọ̀n, ó di ọjà Jagun. Lára ògiri, àìsàn ti dínkù. Lọ́jà, ó ti bá ẹlòmíràn relé. Ẹ má tà á. Èyí tí ẹ bá ti tà, ẹ kà á mọ́ aláìsàn.

Bí èsì bá jẹ́ 3, ó kéré tán, àjẹsára gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lára méjì nínú mẹ́ta, kí 3 tí aláìsàn kan ì bá kó o ràn má baà ju 1 lọ mọ́: 27 nínú 40. Ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ lára gbogbo wọn, torí náà gbogbo èyí tí ara wọn le ni kí ẹ fún, kí àrùn tó wọlé. Bó bá jẹ́ LaSota, àjẹsára tí wọ́n ń pò mọ́ omi mímu, omi kànga tàbí omi òjò ni kí ẹ lò. Klórínì inú omi ẹ̀rọ ń pa á. Ẹ fi òùngbẹ gbẹ wọ́n fún wákàtí 1 sí 2 ṣáájú, kí wọ́n lè mu ún tán láàrin wákàtí 2. Lẹ́yìn oṣù 3, ẹ tún un ṣe, torí àwọn òròmọdìẹ tí wọ́n pa lẹ́yìn ìgbà náà kò tíì tọ́ ọ wò.